Ìbẹ̀rù Ilẹ̀ àti Ìbẹ̀rù Ẹ̀sín: Ọ̀rọ̀ Nípa Àwọn Ọmọ Wa Tó Ń Ta Òkìtì

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí ojú ewé ìdílé lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lásán. Ọ̀rọ̀ òkìtì ni. Ṣùgbọ́n ọrùn ọmọ ènìyàn wà nínú rẹ̀, ahọ́n àwa òbí náà sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, a bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Kò sí ẹni tó ń gbé ní Sèmè-Kpodji tí kò mọ̀ pé iyanrìn ni Ọlọ́run fi tẹ́ ilẹ̀ wa. Òkun wà ní gúúsù, ọ̀sà wà ní àríwá, iyanrìn ló sì wà láàárín. Láti Ekpè títí dé Kraké lẹ́bàá ẹnubodè Nàìjíríà, bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti wà ní ìsinmi, ẹ ó rí àwọn ọmọkùnrin létí òkun. Wọn a gbẹ́ iyanrìn, wọn a ri táyà ọkọ̀ tó ti gbó mọ́lẹ̀ dé ìdajì. Lẹ́yìn náà, wọn a sáré láti òkèèrè bọ̀, wọn a fi ẹsẹ̀ méjèèjì lu orí táyà náà, táyà a sì ta wọ́n sókè bí ẹni ta ọfà. Ojú òfuurufú ni wọn yóò ti tàkìtì kí wọn tó fi ẹsẹ̀ balẹ̀. Eré náà dùn ún wò. Kò sí olùkọ́ níbẹ̀, kò sí owó tí wọ́n san; ọmọ kan ló ń wo èkejì, tí ó sì ń ṣe bí tirẹ̀.

Kì í ṣe ohun tuntun láàárín wa. Àwọn eléégún onídán ilẹ̀ Yorùbá ti ń ta òkìtì kí òyìnbó tó dé, láti kékeré ni wọ́n sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ wọn. Àwọn ọmọdé tó ń gbé kaleta kiri lásìkò Kérésìmesì náà ń fò sókè nínú ijó wọn. Ní ìlú ńlá, àti níbi àjọ̀dún ìjọ tí a ń pè ní kẹ́mẹ́ẹ̀sì, ohun mìíràn tún ti dé: tìrampólíìnì. Ẹni tí kò bá rí i rí, aṣọ líle kan ni wọ́n nà tàntàn sáàárín irin, tí sípíríǹgì kéékèèké sì dì í mú yíká. Bí ọmọ bá fò lé e, á rì díẹ̀, á sì ta ọmọ náà padà sókè ju bí agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lè gbé e lọ. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ George Nissen ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Iowa ní ọdún 1934, òun àti olùkọ́ rẹ̀, Larry Griswold. Ó ti rí àwọn onídán tó máa ń fò láti ibi gíga já sínú àwọ̀n, ó wá rò ó pé ì bá dára bí àwọ̀n náà bá lè ta wọ́n padà sókè. Láti ọdún 2000 ni eré náà ti wọ inú ìdíje Òlíḿpíìkì, ní Sydney. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa lè fò tó mítà 8 sókè, ìyẹn sì ga ju òrùlé ọ̀pọ̀ ilé wa lọ.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí etí òkun wa. Ohun tí ó mú wa kọ̀wé yìí kì í ṣe òkìtì fúnra rẹ̀, bí kò ṣe ohun tí a máa ń gbọ́ nígbà tí ọmọ kan bá sáré dé iwájú táyà, tí ó sì dúró gbọnin-gbọnin, tí kò fò. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ. “Ojo! Ojo!” “Kí lò ń bẹ̀rù?” “Ṣé kí n wá tì ọ́ ni?” Nígbà mìíràn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, ó dunni láti sọ, bàbá rẹ̀ ni, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti dàgbà tó láti mọ̀ pé kò yẹ. Ọmọ náà a wo ẹ̀yìn, a wo iwájú, omi á lé ròrò sójú rẹ̀, a sì sáré padà lọ fò. Ẹ wo bí ó ti ń fò nígbà náà. Kò tún wo táyà mọ́. Àwọn tó ń fi í ṣe ẹlẹ́yà ló ń wò.

Ìbẹ̀rù méjì ló wà nínú ọmọ yẹn. Èkíní ni ìbẹ̀rù ilẹ̀, èkejì ni ìbẹ̀rù ẹ̀sín. Èrò tiwa ni pé ìbẹ̀rù ilẹ̀ kì í sábà ṣe ọmọ ní ibi. Ìbẹ̀rù ẹ̀sín ló ń ṣẹ́ ọmọ lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ìbẹ̀rù ilẹ̀, nítorí pé a máa ń bú u láìmọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Àwọn baba wa ní ìbẹ̀rù ejò kì í jẹ́ kí á tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀. Wọn kò pe ẹni tó gbẹ́sẹ̀ sókè nítorí ejò ní ojo. Nínú etí wa lọ́hùn-ún, níbi tí ojú kò lè rí, Ẹlẹ́dàá fi ihò kéékèèké mẹ́ta tó tẹ̀ kọrọdọ sí, omi sì wà nínú wọn. Bí orí bá yí, omi yìí á mì, òun ni yóò sì sọ fún ọpọlọ pé orí ti yí sí apá ibí tàbí apá ọ̀hún. Ojú náà á jẹ́rìí sí i, ẹsẹ̀ àti iṣan ara náà á sọ tiwọn. Bí gbogbo wọn bá ṣọ̀kan, ara balẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá kọ́kọ́ fi orí sísàlẹ̀ lójú òfuurufú, ẹ̀rí àwọn wọ̀nyí kò bára mu mọ́. Etí ń sọ ọ̀kan, ojú ń sọ òmíràn, ọpọlọ kò sì mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Ó wá ké sí gbogbo ara pé ewu ń bẹ. Àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, àtẹ́lẹwọ́ á tutù, èémí á kúrú, iṣan á le. Igbe yẹn ni à ń pè ní ìbẹ̀rù. Òótọ́ ló ń sọ: ọmọ náà kò tíì mọ ibi tí ilẹ̀ wà.

Bí ọmọ bá wá ń ṣe nǹkan ọ̀hún díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, nígbà ọgọ́rùn-ún, ọpọlọ á kọ́ bí a ti ń ka ìròyìn tí etí ń mú wá nígbà tí orí wà nísàlẹ̀. Igbe náà á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fi èébú mú un rọlẹ̀.

Ewu ibẹ̀ rèé, ó sì yẹ kí gbogbo òbí mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó fẹ́ fò, tó sì fò tọkàntọkàn, á ká ara jọ, á yí tán, á sì fi ẹsẹ̀ balẹ̀. Ọmọ tí kò fẹ́ fò, tó sì dúró, kò sí ohun tó ṣe é. Ọmọ kẹta ni kí á máa bẹ̀rù fún: ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ní kí ó dúró, ṣùgbọ́n tí ariwo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ó fò. Òun ni yóò fi ìdajì agbára sáré, tí yóò fi ìdajì agbára tàkìtì. Bí ó bá dé òkè, tí orí rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, ẹ̀rù tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ bà á á wá bà á níbẹ̀ gan-an. Á na ara rẹ̀ kí ó tó yí tán, nítorí pé ara ènìyàn a máa nà láti wá ilẹ̀. Nígbà náà ni ọrùn tàbí orí yóò ṣáájú ẹsẹ̀ dé ilẹ̀. Kò sí òkìtì ìdajì. Àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní eré yìí mọ èyí dájú, ìdí sì nìyẹn tí wọn kì í fi í ti ọmọ.

Báwo ni wọ́n ti ń kọ́ wọn? A fẹ́ pẹ́ díẹ̀ níbí, nítorí pé ọgbọ́n inú rẹ̀ ju ti eré lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí olùkọ́ rere ń kọ́ ọmọ lórí tìrampólíìnì kì í ṣe fífò. Dídúró ni. Wọ́n á ní kí ó fò díẹ̀, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì ti kan aṣọ náà, kí ó tẹ orúnkún rẹ̀ ba, kí ó jẹ́ kí aṣọ náà kú sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á ṣe é, wọ́n á tún un ṣe. Olùkọ́ á kàn sọ lójijì pé “Dúró!”, ọmọ á sì dúró. Ẹ ò rí i pé ọmọ tó mọ̀ pé òun lè dúró nígbàkúgbà tó bá wu òun, ẹ̀rù kò fi bẹ́ẹ̀ lè gbé e mì mọ́? Ìdajì ìbẹ̀rù wa ni pé a kò mọ ibi tí nǹkan yóò ti dáwọ́ dúró.

Lẹ́yìn èyí, á kọ́ bí a ti ń fò ní àárín gbùngbùn láì rìn sí ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà, á kọ́ bí a ti ń já lulẹ̀ ní ìjókòó, kí aṣọ sì gbé e dìde padà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti orí ọwọ́ àti orúnkún, ti ikùn, ti ẹ̀yìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rù tirẹ̀, ó sì kéré ju èyí tí ọmọ kò lè gbé lọ. Nígbà tí yóò bá fi kan òkìtì gan-an, ara rẹ̀ ti mọ gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà bá aṣọ náà pàdé. Síbẹ̀, olùkọ́ kò ní jẹ́ kí ó dá lọ. Yóò dúró tì í, yóò fi ọwọ́ kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, tàbí kí wọ́n so bẹ́líìtì mọ́ ọn nídìí pẹ̀lú okùn lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, ọwọ́ yẹn yóò máa fúyẹ́ sí i, títí tí yóò fi jẹ́ pé ó kàn wà níbẹ̀ ni, kò gbé ohunkóhun mọ́. Bí ọmọ bá wá sọ lọ́jọ́ kan pé “Ẹ̀rù ń bà mí lónìí,” olùkọ́ tó mọṣẹ́ kò ní bú u. Á ní kí wọ́n padà sí èyí tí wọ́n ti mọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọn kì í ka irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sí ọjọ́ tó ṣòfò.

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé ti àwọn ọmọdé nìyẹn, pé ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n kì í bẹ̀rù mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ gbọ́ ti Simone Biles, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ gbà pé kò sí ẹni tó mọ eré ìdárayá orí ilẹ̀ àti orí irin tó o. Ọmọ Ìjọ Kátólíìkì ni, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ pé òun a máa tan àbẹ́là ní orúkọ Sebastian Mímọ́ kí òun tó lọ sí ìdíje. Ní Tokyo, ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 2021, ó sáré, ó fò, ó sì yẹ kí ó yí ara rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì ààbọ̀ kí ó tó balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ààbọ̀ ló yí. Lójú òfuurufú, kò mọ ibi tí ilẹ̀ wà mọ́. Ohun tí ó ti ń ṣe láti kékeré, ara rẹ̀ gbàgbé rẹ̀ pátápátá lọ́jọ́ yẹn. Ó fi ẹsẹ̀ balẹ̀ láì fara pa, ó sì sọ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀ pé òun kò ní tẹ̀ síwájú. Gbogbo ayé ló ń wò ó. Àwọn kan yìn ín, àwọn kan pè é ní ojo láti orí àga ilé wọn, àwọn tí kò lè tàkìtì lórí ibùsùn.

Kì í ṣe òun nìkan. Bryony Page, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí eré tìrampólíìnì gan-an jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ti sọ ní gbangba pé ìgbà kan wà nígbà ọ̀dọ́ òun tí ara òun kọ̀ láti ṣe àwọn òkìtì tí òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní láti padà sí ìpìlẹ̀, kí ó sì tún wọn kọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni yìí náà ló wá gba fàdákà ní Rio ní ọdún 2016, idẹ ní Tokyo, àti wúrà ní Paris ní ọdún 2024. Àwọn eléré tìrampólíìnì mọ àìsàn yìí dáadáa, wọ́n sì ní orúkọ fún un. Wọ́n mọ̀ pé kì í fi ipá lọ. Bí a bá ti ń ti ẹni tó ṣe, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wọ inú rẹ̀ sí i.

Àwa Kátólíìkì ní ẹnìkan tó mọ ọ̀rọ̀ yìí ju gbogbo wọn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ àlùfáà ni a máa ń rí lára rẹ̀ nínú àwòrán. Jòhánù Bosco Mímọ́ ni, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Don Bosco. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn Salesian, wà nítòsí wa ní Àjàṣẹ́. Wọ́n bí i ní ọdún 1815 ní abúlé Becchi ní Ítálì. Bàbá rẹ̀ kú kí ó tó pé ọmọ ọdún méjì, Margherita ìyá rẹ̀ ló sì tọ́ ọ. Nígbà tí ó wà ní ọmọ nǹkan bí ọdún mọ́kànlá, a máa lọ sí ọjà láti wo àwọn onídán àti àwọn olókìtì, a máa ṣọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn, a sì máa padà sílé lọ dán an wò. Ó kọ́ bí a ti ń tàkìtì, bí a ti ń fi ọwọ́ rìn, bí a ti ń rìn lórí okùn tí a so mọ́ igi méjì. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ nínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé òun ṣubú lemọ́lemọ́ kí òun tó mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ mọ̀ sí i, ó sì gbà fún un. Lọ́jọ́ Sunday, àwọn ará abúlé á péjọ sí pápá. Jòhánù á kọ́kọ́ ní kí wọ́n gba àdúrà Ìlẹ̀kẹ̀ Mímọ́, á tún ìwàásù òwúrọ̀ sọ fún wọn, lẹ́yìn náà ni yóò wá gun okùn. Ẹni tí kò bá gbàdúrà, kò ní wo eré.

Nígbà tí ó di ọ̀dọ́mọkùnrin, tí ó ń kàwé ní ìlú Chieri, olókìtì kan dé síbẹ̀ tó ń fi eré fa àwọn ọ̀dọ́ kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday. Jòhánù bá a díje. Nínú ohun tí wọ́n fi díje, odò tóóró kan wà tí wọ́n ní kí wọ́n fò kọjá, ògiri kékeré kan sì wà ní òdìkejì rẹ̀. Olókìtì náà fò, ó balẹ̀ sí ẹsẹ̀ ògiri gan-an, kò sì sí àyè tí ẹnikẹ́ni lè fi fò jù ú lọ. Jòhánù fò, ó gbé ọwọ́ lé orí ògiri náà, ó sì gba orí rẹ̀ já sí òdìkejì. Ohun tó ká ẹnìkejì lọ́wọ́ kò ni òun dì mú. Jòhánù jẹ gbogbo owó tí ọkùnrin náà fi ta tẹ́tẹ́, ó sì dá a padà fún un, pẹ̀lú àdéhùn pé kí ó ra oúnjẹ ọ̀sán fún òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun.

Ọmọkùnrin olókìtì yìí ló wá di olùkọ́ àwọn ọmọ òpópónà ní Turin. Ní ọdún 1877, ó kọ ìwé kékeré kan lórí bí ó ṣe yẹ kí á tọ́ ọmọ. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀nà kan ni kí á ka òfin fún ọmọ, kí á fara pamọ́ máa ṣọ́ ọ, bí ó bá sì ṣubú, kí á fìyà jẹ ẹ́. Ìbẹ̀rù ìyà ni yóò máa darí rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni kí àgbà wà láàárín àwọn ọmọ bíi bàbá, kí ó má jìnnà sí wọn, kí ó fi ọgbọ́n, ẹ̀sìn àti ìfẹ́ tọ́ wọn, kí ó lè gbà wọ́n mú kí wọ́n tó ṣubú. Èyí èkejì ni Don Bosco yàn. Bí a bá ka ohun tí ó kọ, a kò lè ṣaláì rántí ọwọ́ olùkọ́ tó wà lẹ́yìn ọmọ tó ń kọ́ òkìtì.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ kan bọ̀ ọ́. Nínú Ìhìn Rere, Èṣù mú Olúwa wa lọ sí ṣóńṣó orí Tẹ́ḿpìlì, ó ní kí ó bẹ́ sílẹ̀, pé àwọn áńgẹ́lì yóò gbà á. Jésù kọ̀. Kò sí ẹni tó lè pe Jésù ní ojo, ẹni tó gun Kalfari. Ṣùgbọ́n ohùn tó ń sọ fún ènìyàn pé “Bẹ́ sílẹ̀, kí a fi mọ̀ pé ìwọ ni,” a ti mọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín. Kí àwa òbí ṣọ́ra kí á má yá ohùn náà lò létí òkun.

Ìjọ Mímọ́ kò kọ́ wa rí pé gbogbo ìbẹ̀rù burú. Ìbẹ̀rù Ọlọ́run wà lára ẹ̀bùn méje tí Ẹ̀mí Mímọ́ ń fún wa, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ ọ ní katikísì kí wọ́n tó gba Kọnfamáṣọ̀n. Thomas Aquinas Mímọ́ pàápàá fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ìbẹ̀rù ẹrú àti ìbẹ̀rù ọmọ. Ẹrú ń bẹ̀rù pàṣán. Ọmọ ń bẹ̀rù kí ó má ba ohun tí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn jẹ́. A ti rí àwọn ilé tí ọmọ kò mọ ju ti ẹrú lọ, tí ó jẹ́ pé ohùn bàbá nìkan ló ń mú un gbọ̀n. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló máa ń fò nígbà tí kò yẹ, nítorí pé kò ní agbára láti sọ “rárá” fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá dàgbà, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ó fi ọkọ̀ epo rọ̀bì sáré lóru gba ẹnubodè kọjá, ta ni yóò sọ “rárá” fún?

Àwọn ìyá kan ń sọ pé, ó dára, kí ọmọ má fò rárá nìyẹn. Ìyẹn kọ́ ni a sọ. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Ìdùnnú ńlá ni fún ọmọ láti mọ̀ pé ohun tó ba òun lẹ́rù lóṣù tó kọjá, òun ti ń ṣe é báyìí. Ìyá tó bá ń pariwo “Yéè!” ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá gbẹ́sẹ̀ sókè ń fi ẹ̀rù tirẹ̀ kún ti ọmọ, ẹrù méjì kì í sì í fúyẹ́ lórí ọmọ kékeré. Ohun tí a ń wí ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó dúró pé: “Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù níbẹ̀ gan-an?” Ẹ ó yà pé ó mọ̀ ọ́n. Á ní, “Táyà yẹn ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.” Á ní, “Mi ò rí ilẹ̀ bí mo bá yí.” Á ní, “Iyanrìn ibẹ̀ le.” Ó máa ń jẹ́ òótọ́. Ẹ bá a tún táyà náà rì. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ yí bìrí lórí iyanrìn rírọ̀ láì fò rárá, tí orí rẹ̀ ká mọ́ àyà. Bí ó bá sì ní, “Wọ́n á fi mí ṣẹ̀sín,” ẹ ti mọ irú ìbẹ̀rù tó jẹ́, ẹ mú un lọ sí ibi tí kò sí ẹni tí yóò wò ó.

Fún àwọn tó ń ṣètò kẹ́mẹ́ẹ̀sì, ọ̀rọ̀ wa kò gùn. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti ń kìlọ̀ lórí tìrampólíìnì láti ọdún 1977. Nínú èyí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2012, wọ́n ní nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ìfarapa ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn ju ẹyọ kan lọ bá wà lórí aṣọ náà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: bí ọmọ ńlá bá balẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọmọ kékeré, aṣọ á ta ọmọ kékeré náà sókè ní ọ̀nà tí kò rò tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ọmọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bó ti wù kí àwọn tó ń dúró pọ̀ tó. Àwọn oníṣègùn náà ní kí á má jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 gùn ún. Kò sí òkìtì níbi kẹ́mẹ́ẹ̀sì rárá, fífò lásán ti tó. Kí àgbà kan dúró tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í ṣe àgbà tó ń ta ohun mímu lẹ́sẹ̀ kan náà.

Létí òkun, iyanrìn tí omi ń bọ́ sí le bíi símẹ́ǹtì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàkìtì síbẹ̀. Òkè, níbi tí iyanrìn ti gbẹ, ni kí wọ́n lọ, kí wọ́n gbẹ́ ẹ rọ̀ dáadáa, kí wọ́n sì ṣa ìkarahun àti àfọ́kù ìgò kúrò. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹni tó bá ń sáré bọ̀. Bí ọmọ bá dúró níwájú táyà, kí ó ní ẹ̀tọ́ láti padà sẹ́yìn láì sí ẹni tó la ẹnu.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ọmọ kan fi orí tàbí ọrùn balẹ̀, tí ó ní ọrùn ń dun òun, tàbí tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó o tàbí tí kò mọ̀ wọ́n lára, ẹ má gbé e dìde. Ẹ má fa apá rẹ̀, ẹ má da omi sí i lójú pé kí ó dìde, ẹ má ṣe fi í sáàárín ènìyàn méjì lórí zémidjan bí a ti máa ń ṣe. Egungun ọrùn tó ti sán lè má tíì pa okùn iṣan tó wà nínú rẹ̀ lára. Gbígbé tí a gbé e ló lè parí iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí ó sùn bí ó ti sùn, kí ẹnìkan kúnlẹ̀ níbi orí rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí náà mú kí ó má yí, kí ó máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, kí ẹlòmíràn sì sáré lọ pe àwọn panápaná tàbí àwọn oníṣègùn tó ní ibùsùn líle tí a fi ń gbé aláìsàn. Kí ẹ sì bo ọmọ náà, nítorí pé ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n.

Ní ti Simone Biles, ó padà sórí igi tóóró ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Ó ti yí bí ó ṣe máa ń fò kúrò lórí igi náà padà. Ó yan òkìtì ẹlẹ́ẹ̀mejì tí kò ní yíyí ara sí ẹ̀gbẹ́ nínú, nítorí pé yíyí yẹn ni ara rẹ̀ kò tíì fẹ́. Ó gba idẹ. Ní ọdún 2024, ní Paris, ó tún gba wúrà mẹ́ta àti fàdákà kan.